Ìgò Ìpara Tí Yèyé Fọ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mo lè sọ wákàtí náà nítorí pé rédíò Yèyé ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìròyìn aago mẹ́fà tán, ó sì ti bọ́ sórí ìkéde òkú, ètò tí Yèyé kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni húkọ́ sí. Mo lè sọ ọjọ́ náà nítorí pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì ni gbígbá ẹ̀yìn ilé kàn mí, ìgbálẹ̀ sì wà lọ́wọ́ mi. Ọdún tí mo wà ní kíláàsì kẹrin ni. Lékè, ọmọ ọdún mẹ́rin, jókòó sórí póò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọsàn, ó sì ké pe ìyá rẹ̀ pé, "Màámi, ẹ wá wò ó, ó pupa." Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìgbẹ́ tó wà nínú póò náà kò ju ṣíbí méjì lọ. Ó ń fà bí ikun imú, ẹ̀jẹ̀ sì là á kọjá bí òwú pupa. Mo ti rí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ láti ìgbà náà, nínú ìgò tí wọ́n lẹ orúkọ mọ́ lára, ṣùgbọ́n ti Lékè ni àkọ́kọ́, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni kò sì kúrò lójú mi.

Orí òkè ní Ọ̀kà ni ilé Yèyé wà, níbi tí ọ̀nà ti ga débi pé a máa ń gbọ́ ọ̀kadà kí a tó rí i, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á máa ké bí ẹni tí wọ́n ń fipá fà gòkè. Yèyé ni ìyá bàbá mi. Olùkọ́ ni bàbá àti ìyá mi ní Àjọwá, wọ́n sì fi mí sọ́dọ̀ rẹ̀ kí n lè jókòó sí ilé-ìwé kan ṣoṣo, nítorí pé ìjọba kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́ níbì kan. Ẹni mẹ́ta mìíràn ló wà nílé yàtọ̀ sí Lékè: ìyá rẹ̀, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Bọ̀dá Fẹ́mi, àbúrò bàbá mi, tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, àti aya Bọ̀dá Fẹ́mi, tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà nílé, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyàwó. Ìṣùà ni wọ́n ti gbé e wá. Àwọn ará Ìṣùà ní èdè tiwọn, tí àwa kò gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àárọ̀ ni ènìyàn lè lọ síbẹ̀ kó sì bọ̀ kí oòrùn tó kanrí. Bí Ìyàwó bá ń dá ṣiṣẹ́ ní ilé ìdáná, èdè yẹn ló fi ń kọrin, orin náà á sì máa bá ìró odó rìn. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kì í pe orúkọ mi, nítorí pé wọ́n ti bí mi sílé ọkọ kí ó tó dé. Adúmáadán ló sọ mí. Ìyá Lékè náà máa ń gbọ́ orin náà. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á ní, "Ìyàwó Ìṣùà, kí lò ń sọ fún ọbẹ̀ wa?" Ìyàwó á fèsì pé, "Mo ní kó tètè hó ni, Ẹ̀gbọ́n, ebi ń pa àwọn ọkọ mi." Gbogbo wa á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀fẹ̀ ni nígbà náà. Mo ti gbìyànjú láti rántí bóyá mo gbọ́ nǹkan mìíràn nínú ohùn Ìyá Lékè, mi ò rántí pé mo gbọ́.

Ní ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, Ìyàwó ló gún iyán, òun ló se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Abọ́ kan náà ni èmi àti Lékè ti jẹun, èmi ni mo sì ń gé òkèlè fún un, nítorí pé iyán náà gbóná fún ọwọ́ rẹ̀. Ìyàwó kò jẹun. Ó jókòó tì wá, ó ń fi etí aṣọ lé eṣinṣin. Nígbà tí Yèyé bi í, ó ní inú òun kún. Mo sọ èyí níbí nítorí pé ọ̀rọ̀ náà padà wá. Ní alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni mélòó ló ṣàìsàn nílé wa? Lékè dájú, a ò lè ka iye ìgbà tó lọ mọ́. Yèyé ní inú ń lọ́ òun díẹ̀. Ìyá Lékè ní ara òun kò dá, ṣùgbọ́n ara ta ni yóò dá tí ọmọ rẹ̀ bá ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀? Ẹnì kan ṣoṣo ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Nígbà tí ìtàn náà fi máa dé ojúde kejì, a ti di ẹni márùn-ún.

Nọ́ọ̀sì tó rí Lékè ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wa kò fi àkókò ṣòfò. Ó fi ìka méjì fún awọ ikùn ọmọ náà, ó wò bó ṣe ń padà, ó ní, "Ẹ máa fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà, díẹ̀díẹ̀, láìsinmi, kí omi má bàa tán lára rẹ̀. Ẹ gbé ìgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìkàrẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ká mọ kòkòrò tó jẹ́ kí á tó fún un ní oògùn tó le. Ẹ wá ìgò tó mọ́." Yèyé gbọ́ èyí tó gbẹ̀yìn yẹn ju gbogbo ìyókù lọ. Ó wá ìgò ìpara kan tí ohun inú rẹ̀ ti tán, ó fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sí imú, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní kí n lọ gbé oògùn ṣáláńgá wá. A ní ìgò rẹ̀ kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, oògùn olóòórùn líle tí í funfun bíi wàrà bí omi bá ti kàn án. Yèyé bu ìdérí kan, ó pò ó, ó mì ín nínú ìgò ìpara náà, ó dà á nù, kò fi omi ṣàn án. Nígbà tí ìyá Lékè bu ìgbẹ́ sínú rẹ̀ tán tó sì ti padà wọlé lọ bá ọmọ, Yèyé tún kán oògùn náà sí i lórí.

Mo ní, "Yèyé, kí ló dé tí ẹ tún ń kán an sí i?"

"Bísí, ìgbẹ́ ilé wa la fẹ́ gbé lọ síwájú ọmọ ọlọ́mọ ní Ìkàrẹ́. Ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Ṣé kó ṣí i, kó wá máa fọwọ́ di imú? Kó ní àwọn ará Ọ̀kà ń rùn?"

Èdè Ọ̀kà ni Yèyé fi sọ ọ́. Èdè ilé-ìwé ni mo fi ń kọ ọ́. Obìnrin yìí kan náà ni kì í dá abọ́ aládùúgbò padà láìjẹ́ pé ó fọ̀ ọ́ kó dán ju bó ṣe wá lọ, kó sì fi nǹkan sí i, ì báà ṣe iyọ̀. Bí ó bá rán ọ níṣẹ́ sí ilé onílé, á kọ́kọ́ fi òróró pa ẹsẹ̀ rẹ. Ó máa ń sọ pé ohun tó bá jáde nílé ẹni, ẹnu tí ilé ẹni fi ń sọ̀rọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọkùnrin tó wà ní Ìkàrẹ́ fẹ́ kí kòkòrò náà dé ọ̀dọ̀ òun láàyè. Èmi náà kò mọ̀. Mo jókòó sẹ́yìn Bọ̀dá Fẹ́mi lórí ọ̀kadà rẹ̀, mo di ọ̀rá tí wọ́n fi wé ìgò náà mú láàárín ẹsẹ̀ mi, a sì sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè lọ sí Ìkàrẹ́, inú mi ń dùn pé wọ́n fi mí síṣẹ́ dípò ilé-ìwé. Ọmọbìnrin kan gba ìgò náà lójú fèrèsé ilé àyẹ̀wò, ó kọ orúkọ Lékè sí i lára, ó ní ká padà wá lọ́jọ́ Ẹtì. Bọ̀dá ní ṣé kò lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ bá kòkòrò sọ ọ́. Òun ló ń hù, kì í ṣe èmi."

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta yẹn, Ìyàwó ló ń fún Lékè lómi. Ó jókòó ti orí ẹní rẹ̀ pẹ̀lú ife àti ṣíbí, á fún un ní ṣíbí kan, á kọrin díẹ̀, á fún un ní òmíràn. Bí ìyá rẹ̀ bá gbìyànjú, Lékè á tu ú dànù.

Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí ilé-ìwé parí, èmi àti Bọ̀dá tún lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀gá ilé àyẹ̀wò náà fúnra rẹ̀ ló jáde, ọkùnrin gígùn kan tó fi òwú dúdú so apá kan ìgò ojú rẹ̀. Ó gbé bébà náà dání, kò tètè fi sílẹ̀. "Kò sí ohun tó hù," ló wí.

Bọ̀dá ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Kò sí kòkòrò nìyẹn."

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Inú ènìyàn kì í ṣófo. Ìgbẹ́ ẹni tí ara rẹ̀ le koko pàápàá, bí mo bá tẹ́ ẹ sórí àwo mi, àwo á kún dí. Èyí tó ṣófo pátápátá yìí kò yé mi. Kí lẹ fi fọ ìgò yẹn?"

"Ọṣẹ àti omi," ni Bọ̀dá sọ. Òtítọ́ tó mọ̀ ló sọ. Ibi iṣẹ́ ló wà nígbà tí Yèyé ń fọ̀ ọ́. Ọ̀gá náà wá wò mí. Mo wo bàtà mi. Ó ní ká gbé òmíràn wá. Mo gbọ́ ọ, Bọ̀dá sì gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n nígbà tí a délé tí gbogbo ojú kọjú sí i, gbólóhùn kan ló jáde lẹ́nu rẹ̀: "Wọn ò rí nǹkan kan." Mo ti rò ó títí. Kì í ṣe irọ́. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí ọ̀gá yẹn rán an kọ́ ni ó jẹ́.

Ìyá Lékè dìde lórí àpótí tó jókòó sí. "Ẹ̀rọ òyìnbó wò ó, kò rí i. Ọmọ mi ń yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. A jẹ́ pé kì í ṣe àìsàn ilé ìwòsàn. Ọwọ́ ènìyàn ni." Ó yíjú sí Ìyàwó, tó kúnlẹ̀ ti Lékè. "Ta ló se oúnjẹ ọjọ́ Àìkú?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Ta ni kò jẹ níbẹ̀?"

Ìyàwó wo ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì wo ilẹ̀.

"Mo ní kí ló dé tí o kò jẹ ẹ́? Alásè tí kì í tọ́ ọbẹ̀ wò! Ọbẹ̀ tó ti gbọ́ èdè tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́!"

"Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kó mu èyí tó kù nínú ife yìí ná. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa bú mi."

"Gbé ṣíbí yẹn sílẹ̀! Ìṣùà ni kí o lọ ti fún wọn mu!"

Ó gbé e sílẹ̀. Oyún ló wà nínú Ìyàwó, òun ni kò jẹ́ kó jẹun. Nígbà tó ṣe, gbogbo ojú rí i, ọmọ náà ti ń lọ sí ilé-ìwé gíga báyìí. Ṣùgbọ́n nílé wa, a kì í fi ẹnu kéde oyún tí ojú kò tí ì rí, pàápàá oyún àkọ́kọ́. Bọ̀dá mọ̀, kò sì fọhùn. Wọ́n fi ìpàdé ẹbí sí ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ránṣẹ́ sí Bàbá Ọ̀bà, olórí ẹbí wa, tó ń gbé ní Ọ̀bà-Àkókó, pé kó wá, nítorí pé òun ló lọ tọrọ Ìyàwó, òun náà ni yóò dá a padà fún bàbá rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì náà mo kọjá lẹ́nu yàrá Ìyàwó, mo sì rí i tó ń ká ìró sínú àpótí. Ó ká a dáadáa, etí dé etí, bí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n rí i pé òun kò mú ohun tí kì í ṣe tòun. Kò sí orin kankan. Nínú yàrá kejì, Lékè ń tu omi dànù sí ìyá rẹ̀ lára, ojú rẹ̀ sì ti wọ inú.

Mo jí lọ́jọ́ Àbámẹ́ta pẹ̀lú ohun tí mo mọ̀ nípa ìgò náà. Èmi àti Yèyé jókòó lẹ́yìn ilé, à ń bó ẹ̀gúsí. Ìró ẹ̀gúsí bíbó nìkan ló wà nílé lọ́jọ́ náà, tẹ́, tẹ́, bí ìgbà tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lórí páànù. N kò ní ìgboyà láti sọ fún àgbàlagbà pé ó ṣe àṣìṣe. Ìbéèrè nìkan ni ọmọdé lè bi láìjẹ̀bi.

Mo ní, "Yèyé, bí a bá da oògùn ṣáláńgá sí ṣáláńgá, kí ló máa ń ṣe àwọn ìdin ibẹ̀?"

"Wọ́n á kú."

"Gbogbo wọn?"

"Kì í ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ìdí tí a fi ń rà á nìyẹn."

"Kòkòrò inú ìgbẹ́ Lékè ńkọ́?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Mo ń retí ìgbájú. Ó ní, "Ta lo sọ fún?" Mo ní mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ ohun tí ọ̀gá ilé àyẹ̀wò wí fún un, pé àwo tó ṣófo kò yé òun, pé ó ní ká gbé òmíràn wá. Yèyé gbọn èèpo ẹ̀gúsí kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó dìde, ó wọ yàrá Ìyàwó. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé nígbà tí Yèyé jáde, Ìyàwó tẹ̀ lé e, ife àti ṣíbí sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Lékè fẹ́ dí ẹnu ọ̀nà. Yèyé ní, "Kúrò lọ́nà. Bí ọmọ náà bá kú sí i lọ́wọ́, èmi ìyá rẹ ni kí o mú." Lékè mu ife kan àti àbọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Mo kà á.

Ní ìpàdé ọjọ́ Àìkú, Yèyé kò dúró de Bàbá Ọ̀bà kó ṣí ọ̀rọ̀, èyí tí kò bá àṣà mu. Ó ní, "Kí ẹ tó ní kí ọmọ ọlọ́mọ gbé àpótí, ìgò tí èmi fọ̀ ni ẹ fi ń dá a lẹ́bi. Ẹ̀yin rán ẹlẹ́rìí lọ sí kóòtù, èmi pa á kó tó débẹ̀. Mo da oògùn ṣáláńgá lé e lórí."

Bàbá Ọ̀bà fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ìgbẹ́ náà ni ẹlẹ́rìí?"

"Òun ni. Ẹ jẹ́ kó tún lọ jẹ́rìí, kó wà láàyè lọ́tẹ̀ yìí."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ó sì dà bíi pé ẹ̀rín náà ló gba ìdájọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní kí àpótí Ìyàwó wà níbi tó wà títí èsì yóò fi dé. Ìyá Lékè kò rẹ́rìn-ín. N kò dá a lẹ́bi. Kò sẹ́ni tó ní ọmọ tó ń ṣàn dànù lójú rẹ̀ tí kò ní wá ẹni tí yóò dì mú.

Ní ọjọ́ Ajé, Yèyé se ìgò ìpara mìíràn nínú ìkòkò omi títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ó wé gèlè ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Ó gun ọ̀kadà, obìnrin tó máa ń sọ pé ọ̀kadà kì í ṣe ìjókòó ọmọlúàbí, ó sì fi èmi sí àárín òun àti Bọ̀dá. Nígbà tó dé ojú fèrèsé, ó gbé ìgò náà sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní, "Ọmọ mi, ó ń rùn o. Ẹ má bínú. A ò fi nǹkan kan sí i." Ọ̀gá gbọ́ ọ láti inú, ó ní, "Ìyá, bó ṣe yẹ kó rùn nìyẹn!" Ojú ti Yèyé síbẹ̀síbẹ̀. Ó di etí gèlè rẹ̀ mú títí a fi kúrò níbẹ̀.

Ní ọjọ́bọ̀, ọ̀gá náà pè wá wọlé. Ó gbé àwo pẹlẹbẹ kan sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé. Oúnjẹ kòkòrò ló dì sínú rẹ̀ bí ẹ̀kọ tútù, àwọ̀ rẹ̀ bíi ti zóbò tí wọ́n bu omi là. Lórí rẹ̀ ni wọ́n ti fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìgbẹ́ Lékè lọ, fa bọ̀, kí àwọn kòkòrò tó pọ̀ jọ lè túká. Níbi tí wọ́n ti túká, ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti bí ara rẹ̀ títí ó fi di ẹ̀kán kékeré tí ojú lè rí. Àwọn kan pupa bí osùn. Àwọn tó pọ̀ jù kò ní àwọ̀, wọ́n rí bí ẹ̀kán omi ògì. Ọ̀gá ní, "Ṣúgà inú wàrà wà nínú oúnjẹ yìí. Àwọn tó pupa yìí jẹ ẹ́. Wọ́n ń gbé inú ènìyàn láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àwọn tí kò jẹ ẹ́ yìí ni mo máa ń fura sí. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ìdánilójú." Nítorí náà ló ṣe mú ọ̀kan nínú àwọn aláìláwọ̀ yìí, tó fi wáyà gún un sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ mélòó kan. Nínú ọ̀kan, kòkòrò tó lè wẹ̀ á kúrò lójú ìlà tí wáyà gbà wọlé, á sọ gbogbo ìgò di kùrukùru. Èyí jókòó sójú ìlà rẹ̀ láìyẹsẹ̀. Nínú òmíràn, ìsàlẹ̀ di àwọ̀ ìyeyè, òkè sì pupa síbẹ̀, kò hó, kò dúdú; ọ̀gá ní ìbátan rẹ̀ kan tó ń fa ibà líle máa ń sọ ọ́ di dúdú lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì máa ń wẹ̀. Níkẹyìn ó pò ó mọ́ ẹ̀kán oògùn ìdánimọ̀ kan lórí gíláàsì, a sì rí i tó ṣù pọ̀ bíi wàrà tó bàjẹ́.

"Ṣìgẹ́là lorúkọ rẹ̀," ló wí. "Òun ló ń fa ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Mo ti kọ oògùn tó ń pa á sórí bébà èsì."

Yèyé ní, "Kì í ṣe májèlé?"

"Májèlé kì í bímọ, Ìyá. Èyí ń bímọ."

"Ṣé ó lè sọ ẹni tó gbé e wọlé fún wa?"

Ọ̀gá bọ́ ìgò ojú rẹ̀. "Rárá. Orúkọ ara rẹ̀ nìkan ló sọ. Ó lè jẹ́ omi, ó lè jẹ́ eṣinṣin, ó lè jẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó ṣu tí kò fi ọṣẹ fọwọ́ kó tó kan oúnjẹ. Díẹ̀ péré ló tó láti ṣe ọmọdé."

Mo gbọ́ gbólóhùn yẹn, ó sì bá mi gbé. Èmi náà ti fa ìlà lórí àwo báyìí, mo ti gún ìgò, mo ti gba oyè lórí rẹ̀, mo sì mọ̀ pé òótọ́ ni ọ̀gá náà sọ, pé ibi tó yẹ kó dúró ló dúró. Ohun tí mi ò sọ fún un, tí mi ò sọ fún Yèyé títí ó fi lọ, ni pé ní ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú iyán ọjọ́ Àìkú yẹn, inú mi ṣiṣẹ́ nílé-ìwé, ó sì ń fà bí ikun. Mo fi pa mọ́ nítorí pé ọ̀sẹ̀ eré ìje ni, wọn ì bá ti fi àgbo kíkorò dè mí mọ́lé. Ó lọ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú, èmi ni mo gé òkèlè fún Lékè. Ṣé mo fi ọṣẹ fọwọ́? N kò rántí. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èmi. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi tí gbogbo wa mu. Kò sẹ́ni tó yẹ ìgbẹ́ tèmi wò, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè padà yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún tí mo fẹ́ ṣe àṣekágbá ní yunifásítì, mo lọ jẹ́wọ́ fún Ìyàwó. Ó ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Adúmáadán, ta lo rò pé ó ń fọ aṣọ ilé yẹn? Mo rí pátá rẹ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ, nígbà tí wọ́n ń lé yín lọ?"

"Kí n wá fi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án gba ara mi sílẹ̀? Mi ò sì mọ̀ nígbà náà pé ó ń ràn." Ó ju òkúta kan nù. "Jókòó, kí o bá mi ṣa ìrẹsì."

Ìdí méjì ló sọ, mi ò sì mọ èyí tó wúwo jù nínú wọn. Bóyá òun náà kò mọ̀. Ní tèmi, pátá tí wọ́n ti fọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. N kò fi kún ohun tí mo mọ̀, n kò sì lè yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí mo ń rò.

N kò lè sọ pé Ìyá Lékè tọrọ àforíjì. Bí ó bá ṣe é, kì í ṣe lójú mi. Ohun tí mo rí nìyí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀ náà tí a ti Ìkàrẹ́ dé, tí Lékè ti lo oògùn àkọ́kọ́, Ìyàwó ló gún iyán, òun náà ló se ọbẹ̀. Yèyé fún mi ní kẹ́tùlù omi àti ọṣẹ, ó ní kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí n má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sídìí oúnjẹ láìfọwọ́. Mo kọ́kọ́ fọ tèmi. Ìyá Lékè dé, ó na ọwọ́ méjèèjì, mo da omi sí i. Ó jókòó. Ó gé òkèlè kan, ó rì í sínú ọbẹ̀, ó dì í mú síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó gbé e sẹ́nu, ó gbé e mì. Ó gé kékeré kan fún Lékè, Lékè náà gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó na abọ́ rẹ̀ síwájú, kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó ní, "Ìyàwó, bu ọbẹ̀ díẹ̀ sí i."

Ìyàwó bù ú. Mo wà níbẹ̀, kẹ́tùlù ṣì wà lọ́wọ́ mi.